Mainframe àti Tẹlifíṣọ̀n: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Fíìmù Yorùbá Kan

Láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe fíìmù ní èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ṣòro láti rí èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn òṣèré fúnra wọn àti àwọn òǹwòran inú ilé jọ fọwọ́ sí tó Mainframe Film and Television Productions, ilé-iṣẹ́ tí Túndé Kèlání dá sílẹ̀ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Mainframe Òpómúléró. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó gbé àṣà Yorùbá lárugẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun ni, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ní èrò kan náà lọ́kàn tí fíìmù wọn sì ti di ohun ìgbàgbé kó tó pé ọdún méjì. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni Mainframe ti kọ́ iṣẹ́, pé irú àwọn èèyàn tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kó jọ, ìyẹn àwọn òǹkọ̀wé, àwọn òṣèré alárìnjò àti àwọn tó ń di kámẹ́rà mú, ni ilé-iṣẹ́ náà tún kó jọ nígbà kejì, àti pé tẹlifíṣọ̀n yìí kan náà ni kò rí bí yóò ṣe máa sanwó iṣẹ́ irú wọn. Ẹni tó bá mú ọ̀ràn mẹ́ta yìí pọ̀ yóò lóye ìdí tí àwọn fíìmù kan fi jáde bí wọ́n ṣe jáde, àti ìdí tí ẹ̀dà gidi díẹ̀ nínú wọn fi ṣòro láti rí lónìí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sí Ìbàdàn, èyí tó máa ń fi yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tuntun báyìí máa ń kọ́kọ́ wá ni ohun tí yóò fi kún àkókò rẹ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà sì rèé, ohun náà ti wà nílẹ̀: ẹgbẹ́ eré alárìnjò. Ẹgbẹ́ alárìnjò ni àwọn òṣèré tó ń gbé eré wọn láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ tiwọn, tí ọ̀gá ẹgbẹ́ jẹ́ ẹni tó dá ìtàn, tó darí eré, tó ṣe ẹ̀dá-ìtàn tó ga jù, tó sì tún jẹ́ olówó iṣẹ́. Hubert Ògúnǹdé ló la ọ̀nà yìí láti àwọn ọdún 1940. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilé mìíràn fún eré wọn: Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, sọ ẹgbẹ́ Aláwàdà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti orí WNTV, Dúró Ládípọ̀ ṣe Bodè Wáásinmi, Oyin Adéjọbí sì ṣe Kóòtù Aṣípa, eré tó gbé ẹjọ́ tọkọtaya àti ti aládùúgbò síwájú òǹwòran bí ẹni pé wọ́n jókòó sí kóòtù gan-an.

Ìyípadà tí èyí mú bá eré kò kéré. Ní gbọ̀ngàn ìlú, òṣèré ní láti pariwo kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́, ó ní láti fi gbogbo ara ṣe é, orin àti ìlù sì lè gùn tó bí àwùjọ bá ṣe fẹ́. Nínú yàrá tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ti sún mọ́ ojú òṣèré débi pé ìmí ẹ̀dùn kékeré ti tó, àkókò sì ní gbèdéke, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu gba ipò tí orin gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn òṣèré tó kọ́ bí a ti ń ṣe méjèèjì yìí, tí wọ́n mọ̀gbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ ojú àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ rọra, ni wọ́n di òpó fíìmù Yorùbá ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Kareem Adépọ̀jù àti Kọ́lá Oyèwọ̀ wá láti inú ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí. Lérè Pàímọ́ pẹ̀lú gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Dúró Ládípọ̀. Gbogbo wọn ni yóò padà yọ nínú fíìmù Mainframe.

Ọdún 1948 ni wọ́n bí Kèlání ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé e lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, níbi tí bàbá àgbà náà ti jẹ́ Balógun Ìjàyè Kúkúdì. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó sì wọ WNTV ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń fi kámẹ́rà fíìmù ya àwòrán. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí London International Film School, tó sì parí ní ọdún 1978. Ó tún ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn tó ń fi kámẹ́rà ya ìròyìn fún BBC àti Reuters, iṣẹ́ tó gbé e dé Ethiopia nígbà ọ̀dá àti Zimbabwe nígbà òmìnira. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn yìí, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé nípa Kèlání sábà máa ń fò ó kọjá lọ sórí àwọn fíìmù. Ẹni tó ń ya ìròyìn kò lè bẹ ìṣẹ̀lẹ̀ pé kó tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó mọ ojú tó yẹ kó yà nínú èrò púpọ̀, kó sì ti máa gé àwòrán náà lọ́kàn kó tó dé iwájú ẹni tí yóò gé e ní ọ́fíìsì. Nínú fíìmù Mainframe, nígbàkigbà tí èrò bá pọ̀ sí ojú ọjà tàbí ojúde ọba, kámẹ́rà máa ń mọ ẹni tó yẹ kó wò, ìmọ̀ yìí kò sì ti orí ìtàgé wá.

Kí Mainframe tó wà, Kèlání ti fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, lára wọn ni Aníkúrá, Ogun Àjàyè, Ìyá Ni Wúrà, Taxi Driver, Ìwà àti Fọpómóyọ̀. Ó sì ti bá Adébáyọ̀ Fálétí, òǹkọ̀wé àti akéwì tó ṣiṣẹ́ ní WNTV, lọ́wọ́ nínú fíìmù The Dilemma of Rev. Father Michael, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú Ìdààmú Páàdì Mínkáílù tí Fálétí kọ. Nínú fíìmù yẹn ni ènìyàn ti lè rí ìlànà tí Mainframe yóò tẹ̀ lé fún ọgbọ̀n ọdún: òǹkọ̀wé Yorùbá kan ní ìwé kan, ọmọ tẹlifíṣọ̀n kan ní kámẹ́rà, wọ́n sì pàdé.

Fíìmù ìgbà náà jẹ́ ti sẹ́lúlọ́ìdì, ìyẹn rìbọ́nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwòrán ń wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ní láti fi kẹ́míkà fọ̀ kó tó ṣeé wò. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òkè òkun sì ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun ti darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, pẹ̀lú Dúró Ládípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan tí wọ́n ń pè ní Adé Love, àwọn ọ̀gá alárìnjò ti ń kó èrè orí ìtàgé wọn lé fíìmù: Ògúnǹdé ṣe Ayé àti Jáyésinmi, Bàbá Sàlá sì ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru yẹ kó jẹ́ ìkìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e, nítorí àwọn kan ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò láìgba àṣẹ, àdánù náà sì fọ́ Bàbá Sàlá lápò débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun tún gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, tí náírà sì ṣubú níwájú pọ́ùn àti dọ́là, fífọ fíìmù lókè òkun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́.

Inú wàhálà yìí ni fíìmù àgbéléwò ti jáde, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà, tí wọ́n tà lórí kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó fẹ́ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ wò ó. Muyideen Àlàdé Arómirẹ́ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí aṣáájú pẹ̀lú Ẹkùn ní àwọn ọdún 1980. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń sọ̀rọ̀ fíìmù àgbéléwò bí ẹni pé sinimá tó rẹ̀wẹ̀sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo irinṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé tẹlifíṣọ̀n tó kúrò lábẹ́ ìjọba ni: kámẹ́rà fídíò bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi yà á, ìwọ̀n gígùn ìran rẹ̀ jọ ti tẹlifíṣọ̀n, orí tẹlifíṣọ̀n inú ilé ni wọ́n sì ti ń wò ó. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé òǹwòran fúnra rẹ̀ ló ń sanwó, kì í ṣe olùpolówó ọjà tàbí ìjọba. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ẹni tí WNTV tọ́ ló mọ̀ ọ́n lò jù lọ.

Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ló sọ Mainframe di orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ní ọdún 1993. Ìtàn náà jẹ́ ti Kareem Adépọ̀jù, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wándé, òun náà ló sì ṣe Olóyè Àṣíyanbí, ọ̀kan lára àwọn tó dìtẹ̀ ta ilẹ̀ òrìṣà, tí àwọn tó bá a lọ́wọ́ sí i wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan tí òun sì ń sá kiri kí ikú má bàa kàn án. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín fíìmù náà sí, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgbọ́n ọjà wà nínú pípín yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ jẹ́, nítorí ẹni tó ti ń dúró de Kóòtù Aṣípa láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ti mọ bí a ti ń gbé ìtàn dúró níbi tó dùn jù kí àwùjọ lè padà wá. Ohun tí fíìmù náà ní tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ni pé ẹ̀rù ikú àti ẹ̀rín wà nínú ojú Adépọ̀jù lẹ́ẹ̀kan náà, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn tó láti jẹ́ kí méjèèjì hàn. Ayọ̀ Ni Mo Fẹ́ tẹ̀ lé e ní ọdún 1994.

Ní ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ náà yíjú pátápátá sí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, olùkọ́ ní Ifẹ̀, ti kọ eré-onítàn Kòṣeégbé nípa ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó fẹ́ fọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ìwà ìbàjẹ́, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì gbìmọ̀ láti bì í ṣubú. Ìṣọ̀lá kì í ṣe àlejò nínú eré ìtagbangba: eré rẹ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé lọ sí pápá ìṣeré kan ní Ìbàdàn ní ọdún 1981, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti rọ́ wá wò ó. Lẹ́yìn Kòṣeégbé ni Mainframe gbé Ó Le Kú jáde ní ọdún 1997, láti inú ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1974 nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dojú rú mọ́ lọ́wọ́. Yẹmí Ṣódìmú ló ṣe Àjàní. Àwọn tó ṣètò aṣọ inú fíìmù náà padà sí ìgbà tí ìtàn náà wáyé, wọ́n sì wọ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní bùbá alápá ńlá àti ìró tó mọ ní orúnkún. Kò pẹ́ tí àwọn aránṣọ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá fi ń rán irú rẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní Oleku, orúkọ tó ṣì wà títí di òní. Fíìmù tó lè yí aṣọ òde àríyá padà báyìí ti wọ inú ayé àwọn èèyàn ju ibi tí àpilẹ̀kọ lè wọ̀n dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mainframe ti jinlẹ̀ jù lọ ni Ṣaworoidẹ, tó jáde ní ọdún 1999, àti Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2002, tí Ìṣọ̀lá kọ méjèèjì. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú kan wà láàárín ọba àti ará ìlú, tí ìlù ṣaworoidẹ, adé àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín fún ọba jẹ́ àmì rẹ̀. Ọba tó bá kọ gbẹ́rẹ́ náà tó sì dé adé, bí wọ́n bá lu ìlù náà, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Lápìtẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ gbẹ́rẹ́ náà nítorí pé owó ló bá dé orí oyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn agégẹdú pín igbó ìlú. Nígbà tí ìnira àwọn àgbẹ̀ di ìjà, ó ké sí Lágàta, ọmọ ogun, kó wá gbà á sílẹ̀, ọmọ ogun náà sì gba ìlú fún ara rẹ̀. Kò sí òǹwòran kan ní Nàìjíríà ọdún 1999 tó nílò àlàyé lórí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọ̀gágun Sani Abacha ti kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ìjọba alágbádá sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999. Fíìmù náà bọ́ sáàárín ìgbà méjèèjì, nígbà tí ẹ̀rù ológun kò tíì kúrò lára, tí ìrètí sì ti ń yọjú.

Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn bi ni bí fíìmù tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe rọrùn láti wò fún ọmọdé àti àgbà. Apá kan ìdáhùn wà lọ́wọ́ ìwé eré Ìṣọ̀lá, tó mọ bí a ti ń fi òwe bo ọ̀rọ̀ kó tó tú u. Apá tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n yàn láti sọ ọ́. Ọ̀pálábá, àgbà tó ń fi àrọ̀fọ̀ àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ gún ààfin lára, ni Adébáyọ̀ Fálétí fúnra rẹ̀ ṣe, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti wà nínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn fún ìran kan. Lérè Pàímọ́ àti Peter Fátómilọ́lá wà níbẹ̀. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òṣèré rẹ̀ nínú fíìmù yìí gẹ́gẹ́ bí Àrẹ̀sẹ̀jàbàtà, òun náà sì di olùdarí fíìmù ńlá lẹ́yìn ọ̀la. Ní Agogo Èèwọ̀, nígbà tí Jogbo wá ọba tí yóò tún ìlú ṣe, Déjúmọ̀ Lewis ni wọ́n fi sórí ìtẹ́, ẹni tó ti ṣe Kábíyèsí nínú The Village Headmaster, eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968 tí gbogbo Nàìjíríà sì wò. Òǹwòran tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò ní láti kọ́ bí yóò ṣe gbà pé ọkùnrin yìí jẹ́ ọba rere, tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Fíìmù náà gba ẹrù ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹlòmíràn ti rù fún ogún ọdún, ó sì lò ó fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò rí iṣẹ́ mìíràn nínú fíìmù Yorùbá tó pa ìwé, ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ní ìwọ̀n tó dọ́gba tó méjèèjì yìí.

Àwọn fíìmù tó yí wọn ká kò nílò àlàyé gígùn bẹ́ẹ̀. Ìwé The Virgin tí Báyọ̀ Adébọ̀wálé kọ, lórí ọmọbìnrin tí wọ́n gba ìbálé rẹ̀ kó tó dé ilé ọkọ, ló bí The White Handkerchief, ó sì tún bí The Narrow Path ní ọdún 2006. Thunderbolt, tó jáde ní ọdún 2001, wá láti ọwọ́ Fálétí. Ó fi mágùn sáàárín ọkọ Yorùbá àti aya Ìgbò, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn náà, nítorí náà ló fi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tètè mọ̀. Campus Queen ti ọdún 2004 kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì àti orin wọn. Àbẹ̀ní, ní ọdún 2006, yàtọ̀ nítorí pé Mainframe bá Laha Productions ti Amzat Abdel Hakim ní orílẹ̀-èdè Benin ṣe é, tí Amzat fúnra rẹ̀ sì ṣe Àkànní, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe tí Àbẹ̀ní padà bá pàdé ní Cotonou. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Yorùbá sí ẹ̀yìn ààlà méjì, fíìmù yìí sì jẹ́ kí àwọn òṣèré ìhà méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀ràn owó. Títí di ọdún 1992, ọwọ́ ìjọba ni gbogbo tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà wà: ìjọba ológun ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ẹkùn pọ̀ sábẹ́ NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ìpínlẹ̀ sì dá tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1979. Òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992 ló dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì gba aládàáni láyè láti ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ènìyàn lè rò pé èyí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ bíi Mainframe, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n ìlànà tó gbilẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe eré ni yóò ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí yóò sì lọ wá olùpolówó ọjà tí yóò san owó náà padà fún un. Ní orílẹ̀-èdè tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ra eré lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ kékeré lè gba owó díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì gba ìyókù nígbà tó bá parí. Níbi tí olóòtú bá ti ń sanwó kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́, òǹkọ̀wé onítìjú kò ní àyè, ọṣẹ àti bíà ló máa ń yan ìtàn. Kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà àbáyọ. Ọjà Idúmọ̀tà ní Èkó di ibi tí fíìmù ti ń bọ́ sọ́wọ́ alátùntà, lẹ́yìn náà àwo VCD rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì, páírésì sì bá a lọ, ìyẹn ṣíṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ fún títà láìsan kọ́bọ̀ fún un. VCD rọrùn láti dà kọ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí ẹ̀dà kejì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àkọ́kọ́.

Arugbá fojú winá páírésì yìí. Fíìmù náà, tó jáde ní ọdún 2008, gbé ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ru igbá nígbà ọdún òrìṣà Ọ̀ṣun, tí Bùkọ́lá Awóyẹmí ṣe, sáàárín ìgbésí ayé yunifásítì àti ojúṣe ìlú, nígbà tí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005. Owó ńlá ni ijó, aṣọ àti èrò inú rẹ̀ ná Mainframe, àwọn olè àdàkọ sì gba èrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé, Kèlání sì pariwo rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ilé-iṣẹ́ tó ti ń gbé fíìmù jáde ní ọdọọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ibí ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí Màámi dé ní ọdún 2011, láti inú ìtàn tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ, ilé sinimá tuntun inú àwọn ibùdó ìtajà ńlá ti wà ní Èkó, àwọn òṣèré tí Mainframe lò sì ti inú tẹlifíṣọ̀n mìíràn wá. Fúnkẹ́ Akíndélé, tó ṣe ìyá inú fíìmù náà, ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ mọ̀ nínú I Need to Know, eré tẹlifíṣọ̀n tí àjọ àgbáyé sanwó rẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlera ara wọn. Wọlé Òjó, tó ṣe ọmọ náà nígbà tó dàgbà di agbábọ́ọ̀lù, wá láti Amstel Malta Box Office, ìdíje àwọn òṣèré tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Òṣèré alárìnjò tó kó àwùjọ tirẹ̀ wá ti ń tán. Ìdíje àti eré olówó àjọ àgbáyé ló ń pèsè ojú tuntun. Ìyá àti ọmọ inú Màámi dùn ún wò, àwọn ìran inú ilé kékeré wọn ní Abẹ́òkúta sì wà lára èyí tó dára jù tí Kèlání tíì yà, síbẹ̀ ohùn Yorùbá inú rẹ̀ fúyẹ́ ju ti Ṣaworoidẹ lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn òṣèré náà, nítorí kò sí ẹgbẹ́ alárìnjò tó tọ́ wọn. Dazzling Mirage ti ọdún 2014, láti inú ìwé Yínká Ẹ̀gbọ́kàré, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ sí fòníkú-fọ̀ladìde.

Àyìnlá, ní ọdún 2021, fi ìlànà mìíràn hàn. Kèlání ló darí rẹ̀, Lateef Adédiméjì ló ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n Jadesọlá Òṣibẹ́rù ló gbé e jáde, ilé sinimá ló kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí Netflix. Láàárín ìgbà náà, ìkànnì Africa Magic Yorùbá ti ń gbé fíìmù Yorùbá sáfẹ́fẹ́ láti ọdún 2010 fún ẹni tó bá ń sanwó sátẹ́láìtì. Tẹlifíṣọ̀n ti padà di ẹni tó ń ra iṣẹ́, lọ́nà kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn sí Ìbàdàn: ilé-iṣẹ́ tó wà ní Gúúsù Áfíríkà tàbí ní Amẹ́ríkà ló ń pinnu iye rẹ̀ àti ọdún tí yóò fi wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀ràn tó kù ni ti ẹ̀dà. Fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n, ní ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀rọ òde òní tún lè ka lẹ́ẹ̀kan sí i kó sì mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Fídíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà 625 péré ni ìlànà tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà fi ń kọ àwòrán nígbà tí wọ́n ya Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, ohun tí kásẹ́ẹ̀tì náà bá sì gbà ní ọjọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí yóò ní láéláé. Oògùn tó gbé àwòrán sára téèpù máa ń ré dànù pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin, ẹ̀rọ tó lè ka irú téèpù bẹ́ẹ̀ sì ń dín kù lọ́jọ́ kan ju èkejì lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò lórí fóònù báyìí jẹ́ àdàkọ VCD tí ẹnì kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè, tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú, tí orin àpàlà tàbí dùndún inú rẹ̀ sì ti ya. Fálétí kú ní ọdún 2017, Ìṣọ̀lá sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2018. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn lọ tààrà sáfẹ́fẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹ̀dà kankan, nítorí náà fíìmù Mainframe ti ọdún 1993 sí 2002 ni ibi tó dára jù lọ tí ènìyàn ti lè rí ọwọ́ àwọn òṣèré wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n dàgbà tán nínú iṣẹ́. Àwọn yunifásítì tó ń fi Ṣaworoidẹ ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka eré oníṣe, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ tó ṣì ní ẹ̀rọ téèpù àtijọ́ nínú yàrá wọn, ní ohun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan kò lè ní nìkan: àyè, òṣìṣẹ́ àti owó ọdọọdún. Àdéhùn tí yóò fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ Mainframe, tí yóò sì fi kíkó téèpù náà sínú kọ̀ǹpútà àti gbígbé wọn sáfẹ́fẹ́ fún owó tó yẹ sọ́wọ́ wọn, ṣeé kọ ní ọdún yìí, àwọn ẹ̀rọ náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́.